Ẹlẹ́rìí Wo Ló Tó Dá Bíárìn Lẹ́bi? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Tí À Ń Gbà Mọ Bíárìn Tó Ti Jẹ Lẹ́sẹ̀ Jíìpù

Awakọ̀ kì í rí bíárìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Inú họ́ọ̀bù ló fara pamọ́ sí, lẹ́yìn rìímù àti dísíìkì bíréèkì, ibẹ̀ ló sì ti ń ru ẹrù ọkọ̀, tó tún ń jẹ́ kí táyà yí wẹ́rẹ́ láìjẹ́ kí irin máa ha irin. Lára ọkọ̀ tí kì í kúrò lórí ọ̀dà, ó lè pẹ́ gan-an kí wàhálà tó dé. Ti jíìpù tó ń la omi kọjá, tó ń rì sínú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà oko, tó ń forí sọ kòtò lójoojúmọ́, yàtọ̀: omi ń wá àyè wọlé, iyanrìn ń bá omi rìn, ìjálulẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń tẹ irin mọ́ irin. Bí bíárìn bá wá fẹ́ kú, kò sí àmì kan pàtó tí gbogbo wọn ń fi hàn. Òmíràn á máa kùn, òmíràn á gbóná, òmíràn á máa jó nínú ihò rẹ̀, òmíràn á sì dákẹ́ títí yóò fi há gírí lójú ọ̀nà.

Èyí ló fà á tí àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tó ń wakọ̀ lójú ọ̀nà burúkú kò fi fẹnu kò lórí bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ní etí ni kí a gbà gbọ́. Ẹnì kejì ní kí a gbé ọkọ̀ sókè kí a mi táyà. Ẹnì kẹta fẹ́ fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Ẹnì kẹrin ní ká tú u wò, ọ̀rọ̀ á tán. Owó wà nínú àṣìṣe níhà méjèèjì. Ẹni tó bá pààrọ̀ bíárìn tó dáa ti náwó dànù, ariwo rẹ̀ á sì tún bá a délé. Ẹni tó bá fi èyí tó ti jẹ sílẹ̀ lè pàdánù họ́ọ̀bù, bíréèkì, tàbí odindi táyà lórí ìrìn. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí yóò fi hàn ni pé ìjà àwọn ìjọ wọ̀nyí kò jinlẹ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni oníkálukú wọn ń dáhùn, ara irú bíárìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ ọgbọ́n wọn. Lóòótọ́, ọ̀nà kan ò wọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti máa ń ṣi èèyàn lọ́nà.

## Irú bíárìn méjì, òfin méjì

Kí a tó gbọ́ ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ní 1898 ni Henry Timken gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà lórí bíárìn tí rólà inú rẹ̀ rí ṣóńṣó, tí ẹnu kan tóbi ju èkejì lọ. Ìrísí yẹn ló jẹ́ kí ó lè gba ẹrù tó ń wá látòkè àti ìtì tó ń wá láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà. Irú rẹ̀ méjì tó kọjú síra ló wà nínú họ́ọ̀bù iwájú Toyota Land Cruiser 70 tó jáde ní 1984, ti Land Cruiser 80 tó jáde ní 1990, àti ti Land Rover Defender àtijọ́ tí wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ ní 2016. Ó ṣeé tú, ó ṣeé fọ̀, ó ṣeé kún ní gíríìsì tuntun, nọ́ọ̀tì ni a sì fi ń dì í mọ́ ibi tó yẹ kó wà. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní onínọ́ọ̀tì. Irú kejì ni èyí tí ilé-iṣẹ́ ti dì pa pẹ̀lú gíríìsì nínú: ọta irin tàbí rólà onílà méjì nínú ìkòkò kan ṣoṣo, tí kò sí ohun tí a lè yí láti fi tún un ṣe. Òun ló wà níwájú Jeep Wrangler JK tó jáde gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2007, òun náà ló wà níwájú Toyota Hilux tó gbòde láti nǹkan bí 2005. A ó pe èyí ní adìpa.

Ìyàtọ̀ yìí ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú àríyànjiyàn. Lára onínọ́ọ̀tì, ìmì tín-ín-rín lè jẹ́ ohun tí ẹni tó dì í mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀. Lára adìpa, ìmì tí ọwọ́ bá lè gbọ́ ti di ẹ̀sùn ńlá. Àìsàn onínọ́ọ̀tì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara nọ́ọ̀tì tó dẹ̀ tàbí gíríìsì tó ti gba omi, ó sì ṣeé wò bí a bá tètè dé ibẹ̀. Àìsàn adìpa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìkòkò tí ojú kò tó, ìpààrọ̀ nìkan sì ni oògùn rẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tún ní tirẹ̀. Nínú Hilux, orí sáàfù ẹ̀yìn gan-an ni bíárìn jókòó sí; sáàfù kan náà ló ń yí táyà tó sì ń ru ọkọ̀. Bí bíárìn yẹn bá bàjẹ́, ọ́ìlì dífù, àpótí eyín irin tó ń pín agbára sí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì, lè jò sórí bíréèkì, ó sì lè burú débi tí sáàfù àti táyà yóò fi yọ jáde pọ̀. Nínú Defender, irin ìdábùú ẹ̀yìn ni họ́ọ̀bù jókòó lé, sáàfù kàn ń gbé agbára wá ni. Ẹni tí kò bá tíì mọ èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì lè yan ìjọ.

## Àwọn tó gbára lé etí

Ìjọ yìí ló lérò jù, nítorí ọ̀fẹ́ ni etí. Ẹ̀kọ́ wọn kò le: bíárìn tó ti jẹ ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta tó wà ní òpópónà kejì, ìkùn náà ń ga bí eré bá ṣe ń pọ̀, kò sì bìkítà bóyá awakọ̀ tẹ àkísílérátọ̀ tàbí ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yà sọ́tùn-ún, wọ́n á yà sósì. Bí ọkọ̀ bá yà sọ́tùn-ún, ìwúwo rẹ̀ á fì sí òsì. Bí ìkùn bá wá pọ̀ sí i nígbà náà, ti òsì ni wọ́n á fura sí. Agbára ìdánwò yìí ni pé ẹrù gidi ló wà lórí bíárìn, eré gidi ló sì ń sá, ohun tí jáàkì kò lè ṣe. Adìpa lè kùn fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó mì rárá, nítorí náà etí ló sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tó ń kùn lára jíìpù pọ̀. Táyà eléyín ńlá ń hó lórí ọ̀dà, èyí tó bá sì ti jẹ wágunwàgun ń dún bíi bíárìn gẹ́lẹ́. Dífù náà ní ìkùn tirẹ̀. Àwọn ẹlẹ́tí ní ìdáhùn sí èyí, ìdáhùn náà sì gbọ́n. Ariwo táyà ń yí padà bí a bá kúrò lórí ọ̀dà bọ́ sórí kọnkéré tàbí ilẹ̀ pupa. Ti bíárìn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Ariwo dífù máa ń yàtọ̀ bí a bá tẹ ọkọ̀ àti bí a bá tú u sílẹ̀. Bí a bá gbé táyà iwájú sẹ́yìn tí ariwo sì bá a lọ, táyà ni ọ̀daràn. Àwọn jíìpù tí họ́ọ̀bù iwájú wọn ṣeé tì tó sì ṣeé ṣí tún ní ìdánwò tí ọkọ̀ kékeré kò ní: bí a bá ṣí i, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan wá ń ti ọkọ̀ lọ, sáàfù àti dífù iwájú á dúró jẹ́ẹ́, bíárìn táyà nìkan ni yóò máa yí. Ìkùn tó bá dáwọ́ dúró nígbà yẹn kì í ṣe ti bíárìn táyà.

Ṣùgbọ́n òfin yíyà fúnra rẹ̀ kò dúró ṣinṣin tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Nínú bíárìn onílà méjì, ìtì tó ń wá láti ẹ̀gbẹ́ ń gbé ẹrù kúrò lórí ìlà kan bọ́ sórí èkejì. Bí ó bá jẹ́ ìlà tí ìtì náà dẹ ẹrù rẹ̀ ló bàjẹ́, ariwo lè rọlẹ̀ ní àkókò gan-an tí ìwúwo pọ̀ jù lórí ẹsẹ̀ yẹn, kó sì pọ̀ nígbà tí a bá yà sí òdìkejì. Irin abẹ́ ọkọ̀ sì ń gbé ohùn kiri. Ìkùn tó ti iwájú òsì wá lè jọ pé abẹ́ ìjókòó ọ̀tún ló ti ń jáde. Etí dára láti sọ pé àìsàn wà. Kò dára tó láti sọ ẹsẹ̀ tó ni ín.

## Àwọn tó ń mi táyà

Ìjọ kejì á gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, á fi ìdúró irin tì í lẹ́yìn, á wá di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, á máa tì í síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà á dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì. Ìmì òkè-òun-ìsàlẹ̀ ń tọ́ka sí bíárìn tàbí bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì, oríkèé tí orí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ń yí. Ti ọ̀tún-òun-òsì tún lè kan táì-rọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí sítíárìn fi ń darí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí ó bá mì bákan náà níhà gbogbo, bíárìn ni ìfura bọ́ sí. Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé ó ń tọ́ka sí ẹsẹ̀ kan pàtó, kò sì gba irinṣẹ́ kankan ju jáàkì àti ìdúró irin lọ, ó ṣeé ṣe lábẹ́ igi níbi tí kò sí iná mànàmáná.

Ibi tí jíìpù ti ń dán ìjọ yìí wò ni irin ìdábùú iwájú. Land Cruiser 70 àti 80 kò ní bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì níbẹ̀. Bíárìn kéékèèké méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ni orí ẹsẹ̀ fi ń yí nígbà tí a bá yí sítíárìn. Bí àwọn yẹn bá jẹ, táyà á mì lókè-òun-ìsàlẹ̀ bí ẹni pé ti họ́ọ̀bù ló jẹ. Ọgbọ́n tí àwọn àgbà iṣẹ́ fi ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ dára púpọ̀: ẹnì kan á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹnì kejì ń mi táyà. Bíréèkì tó dì mú ń so dísíìkì mọ́ orí ẹsẹ̀, bíárìn họ́ọ̀bù kò sì ní àyè láti jó mọ́. Bí ìmì bá pòórá, bíárìn họ́ọ̀bù ló ni ín. Bí ó bá ṣẹ́kù, bíárìn kéékèèké wọ̀nyẹn tàbí bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ni ká lọ bá.

Àwọn alátakò ní ìdí méjì. Èkíní, ẹni tó bá mi onínọ́ọ̀tì tí wọ́n dì dáadáa lè gbọ́ ìmì kékeré tó yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ó bá tìtorí ìyẹn fún nọ́ọ̀tì le, ooru ló dá sílẹ̀. Bíárìn tó fún jù sì ń tètè jóná ju èyí tó dẹ̀ díẹ̀ lọ. Èkejì, inú adìpa lè ti jẹ kòtò-kòtò kí táyà sì dúró gírí lọ́wọ́ ẹni tó ń mì í. Àtakò méjèèjì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ wọn kò sọ ìdánwò náà di asán. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni kí a mọ ìtumọ̀ èsì rẹ̀. Lára onínọ́ọ̀tì, ìmì ń pè wá láti wọ̀n ọ́n ká tó dájọ́. Lára adìpa, ìmì ń fi ẹ̀bi múlẹ̀, ṣùgbọ́n àìmì kò dá a láre.

## Àwọn tó ń yí i, àwọn tó ń wọ̀n ọ́n

Ẹ̀ka kan wà tó gbà pé ìka ọwọ́ gbọ́n ju etí lọ. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè, wọ́n á fi ọwọ́ kan yí táyà, wọ́n á fi èkejì di sípíríǹgì mú. Bíárìn tó ti jẹ ń rán ìgbọ̀n wẹ́wẹ́ gba ara irin lọ, sípíríǹgì á sì gbé e dé ìka bí okùn gòjé ṣe ń gbé ohùn. Ọ̀nà yìí lè mú adìpa tí ìmì kò mú. Àmọ́ páàdì bíréèkì tó ń ha dísíìkì lè da ọ̀rọ̀ rú, sáàfù àti dífù tó ń bá táyà yí náà lè dà á rú, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ọkọ̀ kò sì sí lórí bíárìn nígbà tí táyà wà lókè. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìdánwò yìí sọ òótọ́ ní láti tú bíréèkì kúrò, kó sì ṣí họ́ọ̀bù tó bá ṣeé ṣí.

Àwọn tó ń wọ̀n ọ́n kò fẹ́ kí a máa sọ pé “ó jọ bíi pé.” Géèjì alábẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbé lé họ́ọ̀bù láti ka iye tí ó ń jáde àti iye tí ó ń wọlé. Láàárín àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n tí wọ́n ń fojú sí fún onínọ́ọ̀tì jẹ́ láti nǹkan bí 0.025 mìlímítà dé 0.127 mìlímítà, ọwọ́ ènìyàn kò lè fi ìdánilójú ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Fún Land Cruiser onírin ìdábùú, ìwé àtúnṣe ní kí a fi ìwọ̀n onísípíríǹgì kọ́ bóòtì táyà, kí a fà á, kí a ka agbára tó mú họ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Agbára ìjọ yìí ni pé èèyàn méjì á rí èsì kan náà. Àìlera rẹ̀ ni pé ìwọ̀n kò níye lórí bí a kò bá mọ ti ọkọ̀ yẹn gan-an, àti pé ó ń sọ bí bíárìn ṣe dì tó, kò sọ bí ojú irin inú rẹ̀ ṣe rí. Bíárìn tí omi ti jẹ lára lè wà láàárín ìwọ̀n tó pé pérépéré.

## Àwọn tó ń wo ooru

Lẹ́yìn ìrìn bí 20 ìṣẹ́jú, ìjọ yìí á na ìbọn ìwọn-ooru sí họ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfọwọ́ kàn wọ́n. Iye kan ṣoṣo kò ní ìtumọ̀ púpọ̀, nítorí ọ̀sán gangan, ẹrù àti eré ń gbé e sókè sódò. Ìyàtọ̀ láàárín ọ̀tún àti òsì ni wọ́n ń wá: họ́ọ̀bù tó gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ gan-an ní ohun tó ń ṣe é. Ọ̀nà yìí yára, ó sì mọ bíárìn tó fún jù àti èyí tí gíríìsì rẹ̀ ti tán ju ọ̀nà yòówù lọ. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì bíárìn nínú igbó tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun fún un le jù, kò sí ohun tó dà bí i.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé bíréèkì ni orísun ooru tó tóbi jù lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Páàdì tó há lè mú kí họ́ọ̀bù tó dáa jọ èyí tó ń kú. Wọ́n lè dín àṣìṣe yìí kù bí wọ́n bá jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ rọra dúró láìtẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bíárìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kì í mú ooru tó pọ̀ wá. Ìgbà tí ooru bá fi máa ké gbàjarè, àìsàn ti wọ eegun.

## Àwọn ẹlẹ́rọ

Ìjọ tó kéré jù lọ́jọ́ orí gbàgbọ́ pé bíárìn ń sọ orúkọ ara rẹ̀ bí a bá ní ẹ̀rọ tó lè gbọ́ ọ. Àwọn kan ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bíi ti dókítà. Àwọn mìíràn ń fi máíkù kéékèèké há ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wakọ̀ lọ, wọ́n á máa gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tú ìṣòro etí kan: ohùn kò lè parọ́ ibi tó ti wá mọ́. Àwọn tó jìnnà jù ń ka ìgbọ̀n. Rólà kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá lórí ojú ibi tó ti jẹ ń lu irin lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà a lè ṣírò iye ìlù náà. Ìṣirò àfojúbù tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé, bí a bá fi iye rólà sọ iye ìgbà tí táyà yí di púpọ̀, ìlọ́po 0.4 rẹ̀ ni ìlù òrùka ìta bíárìn, ìlọ́po 0.6 rẹ̀ sì ni ti òrùka inú. Táyà tí gíga rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè jẹ́ 0.84 mítà ń yí nǹkan bí ìgbà 8.4 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan bí ọkọ̀ bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí. Bí rólà bá jẹ́ 14, òrùka ìta tó ti jẹ á máa lu bí ìgbà 47, ti inú á máa lu bí ìgbà 71. Táyà kan náà tó ní eyín 40 lórí àyíká rẹ̀ á máa lu ilẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 340. Ohun tí etí pè ní ìkùn kan náà, nọ́ńbà ti yà á sọ́tọ̀.

Àbùkù wà ńbẹ̀ síbẹ̀. Ìṣirò yìí fẹ́ kí a mọ iye rólà, ilé-iṣẹ́ kì í sì í kọ ọ́ sára adìpa. Ojú ọ̀nà gbágungbàgun ń da ìgbọ̀n tirẹ̀ lé e, nítorí náà ọ̀dà tó tẹ́jú ni ìdánwò yìí nílò, ohun tó ṣòroó rí níbi tí jíìpù ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan tún ń fi iná ABS, ètò bíréèkì tó ń fi sẹ́ńsọ̀ ka bí táyà ṣe ń yí, ṣe ẹlẹ́rìí: adìpa tó ní òrùka mágínẹ́ẹ̀tì nínú lè mì débi tí sẹ́ńsọ̀ yóò fi ṣi nọ́ńbà kà. Ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀, wáyà tó já àti ìpẹ́pẹ́ irin tó lẹ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀ náà ń tan iná yẹn. Ìtọ́ka ni, kì í ṣe ìdájọ́.

## Àwọn tó ní ká tú u wò

Fún onínọ́ọ̀tì, kò sí ẹ̀rí tó ju èyí lọ. Gíríìsì tó funfun bíi wàrà ti gba omi. Gíríìsì tó ń dán wínníwínní lábẹ́ oòrùn ti gba ẹ̀rúnrún irin. Ojú òrùka tó ti ṣí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Àpá tó tò tẹ̀ léra ní ìwọ̀n àyè tó wà láàárín rólà ń sọ pé kòtò tàbí òòlù lù ú. Irin tó ti di aláwọ̀ búlúù ti gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwọ̀nyí ń sọ àìsàn, wọ́n tún ń sọ ohun tó fà á. Ọ̀kan nínú ohun tó máa ń fà á yẹ ní mímọ̀: bí họ́ọ̀bù tí bíréèkì ti mú gbóná bá kàn wọ odò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tutù, á súnkì, á sì fa omi gba ẹ̀gbẹ́ síìlì, rọ́bà tó ń dí ẹnu họ́ọ̀bù, wọlé. Omi náà lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí ariwo. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ: ẹni tó bá tú họ́ọ̀bù kò ní máa méfò mọ́.

Lára adìpa ni ìjọ yìí ti kọsẹ̀. Bí a bá fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú orí ẹsẹ̀, agbára ìyọ náà sábà máa ń gba àárín ọta irin kọjá, ó sì ń ba èyí tó dáa jẹ́. Ìdánwò náà ló pa aláìsàn. Lára onínọ́ọ̀tì pàápàá, títú níta gbangba ń jẹ́ kí iyanrìn wọlé, síìlì àtijọ́ tí a dá padà sì lè di ọ̀nà tuntun fún omi.

## Àwọn tí kò dúró de àmì

Ìjọ ìkẹyìn sọ pé ìbéèrè gan-an ni kò tọ́. Kí ló dé tí a ó fi máa wá àmì ikú, nígbà tí a lè máa tú onínọ́ọ̀tì lásìkò, ká kún un ní gíríìsì lẹ́yìn gbogbo omi jíjìn, ká sì pààrọ̀ adìpa kó tó sọ̀rọ̀? Fún ọkọ̀ tó ń lọ síbi tí kò sí mẹkáníìkì, àríyànjiyàn yìí lágbára. Ìtọ́jú lásìkò kò nílò etí tó mú tàbí ẹ̀rọ olówó ńlá.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ya irú méjèèjì sọ́tọ̀ níhìn-ín náà. Fún onínọ́ọ̀tì, ìtọ́jú àti àyẹ̀wò jẹ́ iṣẹ́ kan náà, kò sì sí àtakò tó dúró. Fún adìpa, pípààrọ̀ èyí tó dáa kì í ṣe ohun tí kò lè pani lára. Èyí tuntun lè jẹ́ ayédèrú, tòkunbọ̀ lè ti la odò kọjá lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mìíràn, ẹni tó sì tẹ̀ ẹ́ wọlé lè tẹ òrùka tí kò yẹ kó tẹ̀, kí àpá sì ti wà nínú rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

## Bí a bá kó ẹ̀rí jọ

Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú ohun tí gbogbo wọn ń pè ní ọ̀kan. Ṣé àìsàn wà? Etí àti sípíríǹgì ló ń tètè dá èyí lóhùn. Ẹsẹ̀ wo ló ni ín, ẹ̀yà wo sì ni? Táyà mímì pẹ̀lú bíréèkì, ooru tí a fi wéra, àti máíkù ló mọ èyí. Báwo ló ti le tó, kí ló sì fà á? Ìwọ̀n àti títú ló ń sọ ọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí méjì kò tó bí wọ́n bá lè ṣìnà nítorí ohun kan náà. Etí àti ẹ̀rọ ìgbọ́hùn, táyà lè tan àwọn méjèèjì jẹ. Ọwọ́ tó yí táyà àti ìbọn ìwọn-ooru, bíréèkì lè tan àwọn méjèèjì jẹ. Etí àti táyà mímì kò ní ọ̀tá kan náà. Bí wọ́n bá fẹnu kò lórí ẹsẹ̀ kan, ẹjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀kọ́ yìí wà fún ṣọ́ọ̀bù olówó, pé mẹkáníìkì abẹ́ igi kò ní àyè rẹ̀. Òdìkejì ni òtítọ́. Yíyà lójú ọ̀nà, gbígbé táyà iwájú sẹ́yìn, ṣíṣí họ́ọ̀bù, àti títẹ bíréèkì nígbà tí a ń mi táyà, kò sí èyí tó ń náni ju àkókò lọ. Ohun tó wọ́n ni sùúrù láti má ṣe dúró lórí èsì àkọ́kọ́.

## Ohun tí kò tíì yanjú

Ìbéèrè mẹ́rin ṣì dúró. Àkọ́kọ́ ni òfin yíyà: a mọ ìdí tó fi ń tọ̀nà, a mọ ìdí tó fi ń ṣì, ṣùgbọ́n láti inú ọkọ̀, a kò lè mọ ìlà tó bàjẹ́ kí a tó gbà á gbọ́. Ìkejì ni ọjọ́ tó ṣẹ́kù. Adìpa tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lè sìn wá délé, ó sì lè má sìn wá. Kò sí ìdánwò kankan nínú àwọn tí a yẹ̀ wò tó lè fi kìlómítà sọ ọ́.

Ìkẹta ni táyà ńlá àti rìímù tó yọ síta, tí wọ́n ń fi kún ẹrù tó wà lórí bíárìn. Ìṣirò tí àwọn tó ń ṣe bíárìn ń lò fi hàn pé bí ẹrù bá fi 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ẹ̀mí bíárìn ọlọ́ta á rọ̀ sí nǹkan bí 58 nínú ọgọ́rùn-ún, ti rólà sí nǹkan bí 54. Ṣùgbọ́n gíríìsì mímọ́ ni ìṣirò yẹn gbà pé ó wà nínú họ́ọ̀bù. Bí iyanrìn bá ti bá omi wọlé, èwo nínú méjèèjì, ẹrù tàbí ìdọ̀tí, ló pa bíárìn náà? Àpá wọn máa ń dàpọ̀ lójú irin. Ìkẹrin ló kan awakọ̀ jù, pàápàá níbi tí òjò ti ń sọ òpópónà di odò: adìpa tó mumi lánàá, tí kò kùn, tí kò mì, tí kò gbóná lónìí, ṣé ká pààrọ̀ rẹ̀ ni tàbí ká fi í sílẹ̀? Ìjọ títú kò lè tú u láìpa á. Ìjọ etí ní kí a dúró. Ìjọ aláìdúró ní kí a yọ ọ́. Títí di ìgbà tí ọ̀nà kan bá wà láti wo inú ìkòkò tó dì pa láìfọ́ ọ, ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ lọ́la ni yóò máa pinnu, bíárìn fúnra rẹ̀ kò tíì ní ohùn nínú ẹjọ́ yẹn.